Daily Times Èkó: ti àtijọ́ ni kẹ́ ẹ wá kà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé ìròyìn Daily Times ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ o. Láti 1926 ló ti ń jáde l'Ékòó, àwọn tó ni ìwé ìròyìn Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù wá rà á ní 1947, wọ́n náwó sí i dáadáa, nígbà tí Babatunde Jose wá ń darí ẹ̀ ó ti di ìwé ìròyìn tí gbogbo ìlú ń dúró dè láàárọ̀, wọ́n ń tà á ju 200,000 lọ lójúmọ́! Bàbá mi kó díẹ̀ pamọ́ sínú àpótí, bébà ẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, tó o bá ṣí i kíákíá etí ẹ̀ á já, àmọ́ lẹ́tà ẹ̀ ṣì hàn kedere. Ìkéde òkú, iṣẹ́, bọ́ọ̀lù, kò sóhun tí ò sí ńbẹ̀.

Ohun tó bà á jẹ́ lójú tèmi ni ìjọba tó gba ìpín 60 nínú 100 ẹ̀ ní 1975. Ìwé tí ìjọba bá ti ń darí, ta ló fẹ́ gbà á gbọ́? Punch dé, Guardian dé, àwọn èèyàn bá wọn lọ. Wọ́n tà á fún iléeṣẹ́ Folio ní 2004, kò padà sípò mọ́, ó dùn mí gan-an. Ti àtijọ́ yẹn, máàkì 5 nínú 5, tẹ́ ẹ bá rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, ẹ tètè rà á.