Samaria àbí Imbros: èwo ni kí ẹ náwó lé ní Kírétè?

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti rìn ní Kírétè pé àfonífojì wo ni kí ẹ rìn, Samaria ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Yóò fi fọ́tò hàn yín, yóò ṣàlàyé bí àpáta ṣe ga tó. Bí ó ṣe padà sí ibi tó sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà ni kò ní sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti ń jò.

Kírétè tí Pọ́ọ̀lù fi Títù sílẹ̀ sí nínú Bíbélì náà ni mo ń wí, erékùṣù tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Gíríìsì. Chania, lápá ìwọ̀-oòrùn, ni ọ̀pọ̀ àlejò tó fẹ́ rìn máa ń dé sí. Òkè Lefka Ori ló wà lẹ́yìn ìlú náà, ṣóńṣó rẹ̀ ga ju 2,400 mítà lọ, àwọn àfonífojì tóóró sì la òkè yìí já lọ sí Òkun Líbíà ní gúúsù. Méjì ni wọ́n ń tà fún àlejò jù nínú wọn, Samaria àti Imbros. Ìsọ̀kalẹ̀ ni méjèèjì. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ẹ ó parí rẹ̀ nísàlẹ̀, ibi tí ọkọ̀ já yín sí yóò sì ti jìnnà sí yín. Ẹni tó bá ra àlọ ti ra àbọ̀ mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ pé wọ́n sọ fún un tàbí wọn ò sọ.

Ohun tí ojú máa rí

Samaria borí níbí, kò sí iyàn níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń pè ní Sideroportes kò fẹ̀ ju mítà 4 lọ, àpáta sì dúró gbọnrangandan lọ́tùn-ún lósì, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 300. Ní agbedeméjì ọ̀nà ni abúlé Samaria wà. Àwọn ará ibẹ̀ kó kúrò nígbà tí ìjọba sọ gbogbo àfonífojì náà di igbó àbójútó ní 1962, ilé olókùúta wọn ṣì wà níbẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ti lè rí kri-kri, ewúrẹ́ igbó Kírétè, tí kò bẹ̀rù ènìyàn mọ́, tó máa ń wo àpò oúnjẹ yín bí ẹni pé ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Àpáta Imbros kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó há jù ú lọ. Ibi tó há jù níbẹ̀ kò pé mítà 2. Àgbàlagbà tó bá na ọwọ́ méjèèjì lè fọwọ́ kan àpáta lápá méjèèjì. Àpáta kan tún wà lápá ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ bí ẹnu ọ̀nà, abẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó gbà kọjá. Ọ̀nà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Ọsirélíà àti New Zealand gbà sọ̀kalẹ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún 1941, nígbà tí àwọn Jámánì ti gba Kírétè mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ ojú omi ní Hora Sfakion, èbúté kan ní etí òkun gúúsù.

Orúnkún

Kìlómítà 16 ni Samaria títí dé etí òkun. Mẹ́tàlá wà nínú igbó àbójútó, mẹ́ta tó kù ni ẹ ó rìn lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáde, nínú oòrùn gangan, nígbà tí ẹ ti rò pé ó ti parí. Ibi tó ga tó 1,230 mítà lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ náà ló sì dà gẹ̀rẹ́ jù. Bí orúnkún bá ti ń dùn yín látilé, ẹ má ṣe é. Imbros kò ju kìlómítà 8 lọ, ó rọra ń sọ̀, wákàtí méjì sí mẹ́ta ni. Mo ti rí àwọn ìyá tó gbé ọmọ dání níbẹ̀.

Àbọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi Imbros ṣíwájú, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń ti Chania lọ sí Hora Sfakion, ẹ sọ̀ ní abúlé Imbros, ẹ rìn dé Komitades. Ọ̀nà mọ́tò wà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ takisí àti pikọ́ọ̀pù máa ń dúró de èrò nítòsí àwọn ilé oúnjẹ, bó bá jẹ́ ọkọ̀ tiyín lẹ gbé wá, wọ́n á gbé yín padà sókè lọ síbi tí ẹ gbé e sí, owó rẹ̀ kì í sì ni yín lára bí ẹ bá pọ̀ tó láti jọ san án. Ẹni tí kò fẹ́ san án lè fẹsẹ̀ rìn dé Hora Sfakion, nǹkan bíi kìlómítà 5, kó wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Bí ọ̀nà kan kò bá ṣí, òmíràn á ṣí.

Agia Roumeli ni Samaria parí sí, abúlé etí òkun tí kò ní ọ̀nà mọ́tò kankan. Ẹ tún un kà. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni, tàbí kó tún gun gbogbo ohun tó ti sọ̀kalẹ̀, tàbí kó fẹsẹ̀ tọ etí òkun fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ tó kẹ́yìn sábà máa ń ṣí ní nǹkan bí agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ (ẹ béèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, torí ó máa ń yí). Ọ̀kan ń kọrí sí ìwọ̀-oòrùn lọ sí Sougia, èkejì ń gba Loutro lọ sí Hora Sfakion ní ìlà-oòrùn. Bọ́ọ̀sì wà ní èbúté méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ tiyín kí ẹ tó wọ ọkọ̀ omi, torí pé Chania jìnnà sí èyíkéyìí tó nǹkan bíi kìlómítà 70.

Ẹ wá ka ibi tí ẹ ti máa sanwó: bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ lọ sí Omalos níbi tí ìrìn Samaria ti bẹ̀rẹ̀, owó ìwọlé, ọkọ̀ omi, bọ́ọ̀sì alẹ́.

Èmi àti àwọn ará ilé mi ra tiwa lọ́wọ́ ẹnìkan tó tẹ́ tábìlì sí ẹ̀bá èbúté àtijọ́ ní Chania. "Àlọ àti àbọ̀" ló kọ sára pátákó. A dé ẹnu ọ̀nà, owó ìwọlé kò sí nínú rẹ̀. A dé etí òkun, owó ọkọ̀ omi kò sí nínú rẹ̀. Ìyẹn ṣeé fara mọ́, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ afẹ́fẹ́ fẹ́ lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ omi pẹ́, nígbà tí a ó sì fi dé Hora Sfakion, awakọ̀ ọkùnrin yìí ti gbé bọ́ọ̀sì lọ. A pe nọ́ńbà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ó dún títí, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Àǹtí mi jókòó sórí àpò rẹ̀, ó ní ibi tí ẹsẹ̀ òun gbé òun dé nìyẹn. Takisí tó gbé wa dé Chania gba owó tó ju gbogbo ohun tí a ti san láti àárọ̀ lọ. Nígbà tí a padà lọ bá ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa, ó ní òun kọ́ ló ni ọkọ̀ omi. Kọ́ńdọ́ tó ń ké "Ọ̀ṣòdì" tó wá já èrò sí Anthony kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa ṣe Samaria, bọ́ọ̀sì KTEL, tí gbogbo aráàlú ń wọ̀, ni kí ẹ fi ṣe é. Wọ́n ṣètò àkókò bọ́ọ̀sì alẹ́ rẹ̀ mọ́ ti ọkọ̀ omi. Bó bá sì jẹ́ lọ́wọ́ alágbàtà ni ẹ fẹ́ rà á, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó fà owó yọ: èbúté wo ni bọ́ọ̀sì ti máa gbé wa? Bí ọkọ̀ omi bá pẹ́ ńkọ́? Ta ni kí a pè lálẹ́? Bó bá ń wojú yín láìfèsì, ẹ kọjá sí tábìlì kejì.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn kì í ṣe àwàdà. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 27: etí òkun gúúsù yìí náà ni ìjì ti mú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ, tó gbá a kọjá lábẹ́ erékùṣù Kláúdà. Gavdos ni wọ́n ń pe Kláúdà báyìí, láti Hora Sfakion ni ọkọ̀ sì ti ń lọ síbẹ̀. Bí òkun bá ru, ọkọ̀ kì í ṣí, ẹ ó sì sun Agia Roumeli bí ẹ kò tilẹ̀ múra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ẹ má ṣe fi Samaria sí ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa wọ bàálù padà, pàápàá ẹ̀yin tó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ mú dání, tí ọjọ́ físà yín ti fẹ́ pé.

Àwọn tó kù

Àsìkò: Samaria ń ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, wọ́n sì máa ń tì í lọ́jọ́ òjò tàbí ọjọ́ tí ooru bá pọ̀ lápọ̀jù. Imbros ṣeé rìn ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, àmọ́ ẹ má wọ̀ ọ́ nígbà òjò.

Omi: ìsun omi wà lójú ọ̀nà Samaria. Ti Imbros, ẹ gbé tiyín láti abúlé.

Bàtà: òkúta ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi sálúbàtà sílé.

Èrò: méjèèjì ń kún ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Ní Imbros, ẹni tó bá tètè jí lè ní àfonífojì náà fún ara rẹ̀ kí bọ́ọ̀sì àwọn àlejò tó dé. Ní Samaria, àwọn tó tètè jí náà ni èrò.

Àfonífojì kẹta kan tún wà tí wọn kì í polówó púpọ̀, Agia Irini. Kìlómítà 7 àti ààbọ̀ ni, igi bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ọ̀nà mọ́tò sì wà níparí rẹ̀, kìlómítà bíi 5 sí Sougia. Bí Imbros bá kún, ibẹ̀ ni kí ẹ yà sí.

Ta ni kó ra èwo?

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa dé Kírétè láyé yín, tí ara yín le, tí ẹ ní odidi ọjọ́ kan àti sùúrù, Samaria tọ́ sí yín, mi ò ní ká a kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá mú òbí tàbí ọmọdé dání, tàbí ẹ fẹ́ jẹun ọ̀sán létí òkun Hora Sfakion kí ẹ sì sùn sórí ibùsùn tí ẹ ti sanwó rẹ̀, Imbros ni. Imbros ni èmi ń padà sí.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ṣì wà ní Samaria, ẹ jẹ́ kó gba yàrá sí Agia Roumeli, kó sun ibẹ̀ mọ́jú, kó wọ ọkọ̀ omi ní ọjọ́ kejì. Ilé ìtura wà níbẹ̀, kékeré ni wọ́n, kò sì pọ̀. Kí ó pè wọ́n láti Chania kó tó gbéra, kó sì mú owó yúrò lọ́wọ́, kó má gbọ́kàn lé káàdì báǹkì nìkan.