Ìsinmi oko pẹ̀lú ẹṣin ní òkè gúúsù Sípéènì: Alpujarra, Ronda tàbí Aracena?

Àwòrán tí àwọn onílé oko ń gbé síta jọra púpọ̀: ilé funfun, igi ólífì, ẹṣin aláwọ̀ eérú kan tó na ọrùn kọjá ọgbà, òkè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fi àwòrán yan ilé kò ní mọ ohun tó sanwó fún àfi ìgbà tó bá jókòó sórí gàárì. Ilẹ̀ tí ẹṣin ń tẹ̀ ló ya ibì kan sọ́tọ̀ sí ibòmíràn ní Andalucía: bó ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó, irú òkúta tó wà níbẹ̀, àti oṣù tó ṣeé gùn. Agbègbè mẹ́ta la fi wéra níbí: Alpujarra ní Granada, Serranía de Ronda pẹ̀lú Grazalema tó fẹ̀gbẹ́ kàn án, láàrin Málaga àti Cádiz, àti Sierra de Aracena ní Huelva.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹni tí kò gun ẹṣin rí, tàbí tó ń kó ọmọ lọ, Aracena ni kó lọ. Ẹni tó mọ ẹṣin í gùn tó sì fẹ́ kó sáré, Ronda ló bá a mu. Alpujarra wà fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ le, tí òòyì kì í kọ́ níbi gíga.

Ilẹ̀ àti ọ̀nà

Alpujarra ni ẹ̀gbẹ́ gúúsù Sierra Nevada. Òkè Mulhacén, tó ga tó 3,479 mítà, ló dúró lókè orí àwọn abúlé rẹ̀. Pampaneira, Bubión àti Capileira tò léra wọn ní àfonífojì Poqueira, láti nǹkan bí 1,060 mítà dé 1,436. Ọ̀nà tó tẹ́jú ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹ lè gòkè fún wákàtí kan gbáko, kí ẹ sì fi wákàtí mìíràn sọ̀kalẹ̀, lórí ọ̀nà tí kò gba ju ẹṣin kan lọ, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà lọ́wọ́ kan. Ẹṣin máa ń rìn ni; eré sísá kéré. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè kúrò lábẹ́ igi castaño (igi chestnut) ní òwúrọ̀, kí ẹ jẹun ọ̀sán níbi tí igi kò ti hù mọ́. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Sulayr, GR-240, tó yí gbogbo Sierra Nevada ká fún nǹkan bí 300 kìlómítà, gba agbègbè yìí kọjá.

Ohun tó máa ń bá àlejò lójijì ní Alpujarra ni acequia, ìyẹn ọ̀nà omi tóóró tí àwọn Mùsùlùmí ayé àtijọ́ gbẹ́ láti fa omi yìnyín tó yọ́ wá sí oko. Omi ṣì ń gba inú ọ̀pọ̀ wọn títí dòní. Ẹṣin mìíràn á rìn wọ inú rẹ̀, òmíràn á fò ó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Irun ọrùn ẹṣin ni kí ẹ dì mú nígbà náà. Ẹni tó bá fa ìjánu nígbà tí ẹṣin ń fò á dun ún lẹ́nu, ẹṣin á gbé orí sókè, ẹni tó gùn ún á sì fi imú gba ọrùn rẹ̀.

Níbi ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, gàárì máa ń yọ̀ lọ síwájú sí èjìká ẹṣin. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń lo baticola, okùn tó ti ẹ̀yìn gàárì gba abẹ́ ìrù. Ẹ bi onílé bóyá ó ń lò ó. Ẹ sì wo bóyá ẹni tó ń ṣamọ̀nà máa ń dúró láti tún okùn ikùn gàárì fà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, nítorí okùn tí wọ́n dì le lówùúrọ̀ á ti dẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹṣin tí bàtà irin rẹ̀ kan ti ń mì kò yẹ lọ sórí òkúta wọ̀nyẹn rárá.

Ronda ga tó nǹkan bí 740 mítà, òkè tó yí i ká sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ní ohun tí Alpujarra kò ní: cañada, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń da ẹran láti pápá kan sí òmíràn. Òfin Sípéènì ṣì ń dáàbò bò wọ́n, èyí tó gbòòrò jù lè fẹ̀ tó mítà 75. Ibẹ̀ ni ẹṣin ti lè nà tán. Ewu ibẹ̀ ni òkúta ẹfun tí òjò bá rọ̀ sí, torí ó máa ń yọ̀ gan-an, àgàgà níbi tí ẹsẹ̀ ẹran ti tẹ̀ ẹ́ dán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí onílé bá sì sọ pé òun á mú yín wọ igbó pinsapo (irú igi fir kan) ní Grazalema, ẹ bi í nípa ìwé àṣẹ. Ibẹ̀ nílò àṣẹ, wọ́n sì ń ti apá kan rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, ní àárín ọdún, nítorí iná.

Aracena rọlẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ òkè rẹ̀ ni kì í tó 1,000 mítà. Igi encina (irú igi oak kan) àti igi tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ ṣe ìdérí ìgò ló bo ibẹ̀, nítorí náà òjìji pọ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀nà láàrin odi òkúta méjì ló so Alájar, Linares de la Sierra àti Castaño del Robledo pọ̀, abúlé sí abúlé kò sì jìnnà. Ìyọnu ibẹ̀ kéékèèké ni: ẹnu ọ̀nà oko tí ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣí kí ẹ sì máa tì, ẹ̀ka igi tó rọ̀ sílẹ̀, àti ẹlẹ́dẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, ẹlẹ́dẹ̀ dúdú máa ń jẹ èso encina káàkiri igbó. Ẹṣin tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà láti ibòmíràn lè fẹ́ padà sílé.

Oṣù wo?

Oṣù kẹrin sí ìkẹfà, àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, dára fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Ooru Sevilla àti ẹ̀yìn odi rẹ̀ máa ń kọjá 40°C, Aracena sì fi díẹ̀ tutù jù ú lọ ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oòrùn Nàìjíríà, ẹ má rò pé èyí kò jẹ́ nǹkan kan. Ooru gbígbẹ ni, òógùn kì í pẹ́ lára, èèyàn á ti gbẹ tán kó tó mọ̀. Ilé tó bá mọṣẹ́ á gbé yín jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ó sì ti padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Alpujarra ló borí ní àsìkò yìí: bí ẹ bá ṣe ń gun òkè ni ooru ń dínkù, ìwọ̀n 6 sí 7°C fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tó kọjá 2,500 mítà sì kì í ṣeé gbà dáadáa àfi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, torí yìnyín lè wà lókè títí di oṣù karùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ta ìrìn lórí góńgó Sierra Nevada fún yín ní oṣù kẹrin, ẹ má sanwó.

Grazalema wà lára ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù ní Sípéènì, nǹkan bí 2,000 mílímítà lọ́dún, ó ju ti Ìbàdàn lọ, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàrin oṣù kẹwàá sí ìkarùn-ún. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí òjò bá gba ọjọ́ gígun ẹṣin kan: ṣé wọ́n á dá owó padà, ṣé wọ́n á fi ọjọ́ mìíràn dípò, àbí ẹ̀kọ́ nínú ọgbà ẹṣin ni?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà dé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá, dídá iná sun ẹran nínú igbó jẹ́ èèwọ̀ ní gbogbo Andalucía. Ilé tó bá ṣèlérí ẹran sísun lábẹ́ ìràwọ̀ lórí òkè ní oṣù keje, ó ń purọ́ tàbí kò bìkítà fún òfin.

Ẹṣin, gàárì àti ìwọ̀n ara yín

Ẹṣin Pura Raza Española, onírun gígùn tó wà nínú gbogbo ìpolówó, rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdàlù rẹ̀ pẹ̀lú ti Lárúbáwá ló sábà máa ń dára jù fún òkè: kò tóbi púpọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ó sì lè rìn jìnnà. Gàárì vaquera, ti àwọn darandaran Sípéènì, jinlẹ̀, awọ àgùntàn ló bò ó, lìkáfà rẹ̀ jẹ́ irin fífẹ̀ tó gba gbogbo ẹsẹ̀. Ó rọrùn fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń di ìjánu rẹ̀. Bí okùn bá kan ọrùn ẹṣin ló ń yà. Ẹni tó bá ń fa ọ̀tún àti òsì bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹṣin á kàn dúró wò ó. Gàárì ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúyẹ́ jù ú lọ, ẹni tó kọ́ ẹṣin ní Ìlú Ọba á sì mọ̀ ọ́n lò kíá. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ní.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi pamọ́, òun ló sì ń ba ìsinmi jẹ́ jù. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ẹṣin ń lò ni pé ẹrù orí ẹṣin kò gbọ́dọ̀ ju ìdá márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ẹṣin òkè tó wọn 450 kílò lè gbé 90. Gàárì vaquera nìkan lè jẹ́ 12 nínú rẹ̀, ó ku 78 fún yín pẹ̀lú bàtà, aṣọ àti omi. Ilé mìíràn máa ń ní ẹṣin ńlá kan tàbí méjì fún ẹni tó wúwo, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ ṣáájú. Bí ẹ bá purọ́, wọ́n lè gbé yín sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ tí ẹ dé, wọn kì í sì í sábà dá owó padà.

Bákan náà ni ìrírí. Ẹṣin etíkun Èkó tí ẹnì kan fi okùn fà kiri kò sí lára rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹ kò gùn rí, ẹ sì ra ètò tó ní wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́, kì í ṣe èyí tó ní marùn-ún. Ṣòkòtò tí kò ní ojú rírán nínú itan, bàtà tó bo kókósẹ̀ tó sì ní gìgísẹ̀ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà yọ wọ inú lìkáfà: ó tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń dirun, ìdì ńlá lóókè orí kò ní jẹ́ kí akoto wọlé. Kí ẹ dì í ní pẹlẹbẹ tàbí kó sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn ọrùn.

Ọ̀nà dé ilé, àti oúnjẹ

Láti pápákọ̀ òfurufú Málaga, Ronda tó 100 kìlómítà. Ọkọ̀ ojú irin náà ń dé ibẹ̀. Órgiva, ẹnu ọ̀nà Alpujarra, gba bíi wákàtí kan àbọ̀ sí méjì, kí ẹ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́nà gun òkè. Bọ́ọ̀sì wà láti Granada, kò kàn pọ̀. Aracena fi bíi 90 kìlómítà jìnnà sí Sevilla. Ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kìlómítà tó kẹ́yìn lè jẹ́ ọ̀nà erùpẹ̀, àdéhùn ọkọ̀ háyà sì sábà máa ń yọ ìbàjẹ́ tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kúrò. Ẹ ní kí onílé fi ojú ibi tí ilé wà gangan ránṣẹ́, torí àdírẹ́sì oko kì í sábà yé máàpù fóònù.

Ẹlẹ́dẹ̀ ló jọba lórí tábìlì. Trevélez àti Jabugo, ìlú méjì tó lókìkí jù fún itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ (jamón) ní Andalucía, wà ní Alpujarra àti ní agbègbè Aracena, wọ́n sì ń fọ́n ọn sórí salmorejo (ọbẹ̀ tòmátì tútù) àti ẹ̀wà láì tilẹ̀ sọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó pé ẹ kì í jẹ ẹ́ rárá, ẹ má ṣe kọ “mi ò jẹ ẹran” lásán, torí fún ẹlòmíràn níbẹ̀, ìyẹn kò kan jamón. Kìlíṣí tí ẹ fẹ́ fi dípò rẹ̀ kò ní kọjá: ẹran àti wàrà láti ilẹ̀ òkèèrè, Ìlú Ọba náà wà nínú rẹ̀, jẹ́ èèwọ̀ ní ẹnubodè Yúróòpù.

Owó àti ìwé

Wákàtí kan lórí ẹṣin sábà máa ń wà láàrin 25 sí 40 yúrò. Ọ̀sẹ̀ kan tó kó ibùsùn, oúnjẹ àti ẹṣin pọ̀ sábà máa ń kọjá 1,000 yúrò fún ẹnì kan. Bí iye kan bá rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ka wákàtí gígun tó wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé ni wọ́n ń tà, kí ẹṣin jẹ́ àfikún. Ẹni tó bá dá lọ á san owó yàrá àdágbé lé e.

Ilé gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ìrìn-àjò ti Andalucía, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CR tàbí VTAR. Ẹni tó ń mú yín gun ẹṣin gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, AT, pẹ̀lú adójútòfò. Ilé tó ní ti àkọ́kọ́ nìkan lè gbà yín sùn, kó sì jẹ́ ẹṣin aládùúgbò ni yóò yá fún yín.

Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, bó tilẹ̀ ń gbé ní London. Owó rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò fún àgbà, adójútòfò ìlera rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 30,000 yúrò. Ẹ ka inú adójútòfò náà dáadáa: ọ̀pọ̀ ló tó fún físà tó sì yọ gígun ẹṣin sílẹ̀, tàbí tó gbà á kìkì bí ẹ bá dé akoto. Kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀, ẹ jẹ́ kí onílé kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun á dá a padà bí wọn kò bá fún yín ní físà.