Ibi tí mo ti ra gángan fọ́mọ mi l'Óṣogbo, ẹ lọ síbẹ̀ jàre

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà l'Óṣogbo, tọ́mọ yín bá ń dà yín láàmú pé òun fẹ́ kọ́ ìlù, ẹ má wulẹ̀ ra àwọn tí wọ́n kùn lọ́dà tí wọ́n ń tà fáwọn àlejò lásìkò ọdún Ọ̀ṣun ní August. Ìyẹn dáa lára ògiri pálọ̀, àmọ́ awọ ẹ̀ le, béèyàn fún ọṣán ẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tó yí i ká, títí ohùn kan náà ló máa mú jáde. Bàbá kan wà lápá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọmọ Àyàn ni wọ́n, àwọn fúnra wọn ló ń gbẹ́ igi tí wọ́n tún ń fi awọ bò ó, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ra ti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9.

Bàbá ò tiẹ̀ bi mí pé èló ni mo mú wá. Ọmọ ni wọ́n pè, wọ́n ti gángan kan bọ̀ ọ́ lábíyá, wọ́n ní kó fún un, ọṣán ò mì rárá. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé èyí tó kéré sí i fún un, bó ṣe fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ìyẹn báyìí awọ fà, ohùn lọ sókè, bó ṣe dẹ̀ ẹ́ ohùn wálẹ̀. Ni bàbá bá mú kọ̀ngọ́, igi tí wọ́n fi ń lu ìlù, wọ́n lu "ẹ káàárọ̀" fún un, wọ́n ní ìgbọ̀nwọ́ àwọn ni kó máa wò o: wọ́n fún un díẹ̀ fún "ẹ", wọ́n fún un dáadáa fún "ká", wọ́n dẹ̀ ẹ́ fún "à", wọ́n tún fún un dáadáa fún "á", wọ́n wá dẹ̀ ẹ́ pátápátá fún "rọ̀". Ojú ẹsẹ̀ ló yé e! Àwọn kan ti ní kí n ra kíbọ́ọ̀dù, pé ìyẹn ló wúlò ní ṣọ́ọ̀ṣì, kíbọ́ọ̀dù dáa lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tó ń sọ Yorùbá ti ní ìdajì gángan lẹ́nu tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní àwọn máa ṣe tiẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn. Igi ọmọ̀ ni, ó fúyẹ́, kì í dun ọmọ léjìká, awọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́ ló wà lójú ẹ̀. ₦28,000 ni wọ́n pè é, a ná an dé ₦24,000.

Àdéhùn wọn ni mi ò fẹ́. Wọ́n ní kí n wá gbé e ní Sátidé, mo débẹ̀ wọn ò tí ì fa ọṣán tán, wọn ò sì pè mí, mo kàn wọkọ̀ lásán ni. Kọ̀ngọ́ tí wọ́n fún wa náà tóbi fọ́wọ́ ọmọ, ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ ni wọ́n tó fá a kù. Kò sí POS, kò sí báàgì.

Wọ́n kìlọ̀ pé kí n má gbé e sínú búùtù mọ́tò lọ́sàn-án, ooru á bẹ́ awọ ẹ̀. Bójò bá sì rọ̀ tóhùn ẹ̀ wálẹ̀, kí n gbé e síbi tí atẹ́gùn àti oòrùn díẹ̀ ti máa kàn án. Ó ti ṣẹlẹ̀, mo ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn padà. Tí awọ bá ya, wọ́n ní owó awọ nìkan làwọn máa gbà.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú ọmọ yẹn dání o, wọn kì í wọn gángan fọ́mọ tí wọn ò rí.