Ọ̀rọ̀ kan nínú páńẹ́ẹ̀lì méjìlá: àgbéyẹ̀wò ggplot2 àti ìrànlọ́wọ́ tí mo sanwó fún

"Ẹ ṣí àwòrán náà nínú ètò ìyàwòrán, kí ẹ fọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ yẹn sí i." Òṣìṣẹ́ tí mo sanwó fún kó ràn mí lọ́wọ́ lórí kóòdù ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, òun ló sì mú mi jókòó kọ èyí.

Ọ̀fẹ́ ni R, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò dátà; ọ̀fẹ́ ni ggplot2, àkójọ kóòdù tó ń ya gíráàfù nínú R. Ohun tí mo ń sanwó fún ni ilé iṣẹ́ kan tó gbé R sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, tó sì ní àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè. N ò ní dárúkọ wọn.

Òjò oṣooṣù ní ibùdó méjìlá ni iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi, páńẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn gíráàfù kékeré kan, fún ibùdó kan. Ìlà kóòdù kan péré ni facet_wrap, àṣẹ ggplot2 tó ń pín gíráàfù sí páńẹ́ẹ̀lì, fi pín in, kò sì fún mi ní wàhálà kankan. Ibùdó 7 ni ìjà wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn òjò níbẹ̀ bàjẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ojú oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣófo nínú páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ọ̀dá ló dá. Mo gbọ́dọ̀ kọ "ẹ̀rọ bàjẹ́" síbẹ̀, ibẹ̀ nìkan. Mo fi annotate, àṣẹ tó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí gíráàfù, kọ ọ́, ó sì jáde nínú páńẹ́ẹ̀lì méjìlá pátá. Gíráàfù mi wá ń purọ́ mọ́ ibùdó mọ́kànlá tí ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Mo bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ṣáàtì. Arákùnrin tó dá mi lóhùn kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, a ti rí ìbéèrè yín." Ó béèrè ẹ̀dà R tí mo ń lò, mo sọ ọ́. Ó ní kí n ya ojú kọ̀ǹpútà mi, mo yà á, mo fi ránṣẹ́. Ó ní kí n pa Chrome dé, kí n tún un ṣí. Mo bi í pé kí ló kan Chrome nínú ọ̀rọ̀ tí kóòdù kọ síbi méjìlá. Ó ní bí àwọn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Mo tún un ṣí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ní kí n lọ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Inú bí mi gan-an. Oṣooṣù ni dátà tuntun ń wọlé sínú iṣẹ́ yìí. Bí mo bá fi máòsì lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ àwòrán lónìí, tí kóòdù bá tún un yà lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá sì gba kóòdù mi kó lè yẹ iṣẹ́ mi wò, àwòrán tirẹ̀ kò ní bá tèmi mu, kò sì ní mọ ibi tí mo ti fọwọ́ kàn án. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún arákùnrin náà, n ò bú u. Ó kọ "a ti yanjú rẹ̀" sí tíkẹ́ẹ̀tì mi, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìbéèrè mi lọ́dọ̀ wọn, ó pa á dé.

Mo tún tíkẹ́ẹ̀tì ṣí. Arábìnrin kan ló mú un lọ́tẹ̀ yìí. "Ẹ má bínú sí wa," ó ní, "annotate kò mọ ibùdó kankan yàtọ̀ sí òmíràn, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ sí gbogbo wọn. Ẹ fún ọ̀rọ̀ yẹn ní dátà tirẹ̀." Ó ní òpó tábìlì (column) tí a fi pín dátà ni facet_wrap ń wò. Ohun tí kò bá ní òpó yẹn, gbogbo páńẹ́ẹ̀lì ló máa wọ̀. Kí n ṣe tábìlì onílà kan tó ní òpó ibùdó, kí n gbé e fún geom_text, àṣẹ tó ń kọ ọ̀rọ̀ láti inú tábìlì:

akiyesi <- data.frame(ibudo = "Ibudo 7", osu = 6, ojo = 150, oro = "ẹ̀rọ bàjẹ́")
p + geom_text(data = akiyesi, aes(label = oro))

N ò tíì fi í sẹ́nu iṣẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn fi dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀: "Bí ẹ bá ti fi àṣẹ factor to àwọn ibùdó, ẹ to ti tábìlì kékeré náà pẹ̀lú levels (ìtòlẹ́sẹẹsẹ orúkọ) kan náà, kí ètò má baà dàrú." Mo dán an wò láìtò ó, kí n lè fojú ara mi rí i. Lóòótọ́, páńẹ́ẹ̀lì tú ká: 1, 10, 11, 12, ká tó kan 2. Mo tò ó bó ṣe wí, gbogbo rẹ̀ padà sípò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì wà lójú Ibùdó 7. Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Ẹni tó mọṣẹ́ nìyẹn!

Ní ti ggplot2 fúnra rẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ìwọ̀n kan náà ló ń fún gbogbo páńẹ́ẹ̀lì àfi tí ẹ bá ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún scales = "free_y", tó ń fún páńẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n òró tirẹ̀: ibùdó tí òjò rẹ̀ kò ju 40 mm lọ àti èyí tó gba 400 á ga bákan náà. Ẹ wo ohun tí ìwọ̀n kan náà lè fi hàn: gíráàfù ìkórè ọkà báálì tí William Cleveland, onímọ̀ ìṣirò dátà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Bell Labs yà, ibi mẹ́fà ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, ọdún 1931 àti 1932. Níbi márùn-ún, ìkórè 1931 ló pọ̀ jù. Ní Morris nìkan ni 1932 ti borí. Cleveland ní ó jọ pé wọ́n ti gbé ọdún kan sípò èkejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni dátà yẹn ti wà nílẹ̀, àfìgbà tí páńẹ́ẹ̀lì mẹ́fà wà lórí ìwọ̀n kan ni ojú tó rí i.

Ìwọ̀n lẹ́tà pẹ̀lú kò fi ìyà jẹ mí. Nínú par(mfrow), ọ̀nà àtijọ́ tí R fi ń to gíráàfù púpọ̀ sójú kan, tí ìlà tàbí òpó bá ti tó mẹ́ta, R á dín lẹ́tà kù sí 0.66 láì sọ fún yín. ggplot2 kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ fún ggsave, àṣẹ tó ń fi àwòrán pamọ́, ní ìbú tí àwòrán máa ní lórí ìwé gan-an, bíi width = 180, units = "mm". Tí ẹ bá yà á fẹ̀ kí ẹ tó fún un pọ̀, orúkọ ibùdó kò ní ṣeé kà.

Ohun tí mo fi sùn ẹ̀dà ggplot2 tí mo lò ni annotate yẹn. Ó yẹ kí a lè sọ páńẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ fún un, ká má máa ṣe tábìlì nítorí ọ̀rọ̀ méjì.

ggplot2: ìràwọ̀ 5 nínú 5. Iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́: ìràwọ̀ 2, arábìnrin yẹn ló sì gba méjèèjì. Kí wọ́n gbé èsì rẹ̀ sójú ìwé ìrànlọ́wọ́ wọn, kí ẹni tó bá bọ́ sọ́wọ́ arákùnrin yẹn lè rí i kà.