Gbogbo ibi tá a lọ láti Abẹ́òkúta lọ́dún tó kọjá, àgbéyẹ̀wò mi rèé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ń bi mí pé ibo làwọn lè mú ọmọ lọ nígbà họ́lídè, ibo ló yẹ kéèyàn náwó sí, ìdáhùn mi rèé, ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti Màámi pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin pinnu pé nínú owó tá a máa ń ná sí aṣọ ẹbí, pátì tòní pátì tọ̀la, ká yọ díẹ̀ ká fi ríran, ká lọ sáwọn ibi àṣà àti ìtàn tá a kàn ń gbọ́ orúkọ wọn lórí rédíò. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń mú yín káàkiri, gáìdì yẹn gan-an, òun lẹ ń sanwó fún. Tó bá mọ ìtàn ibẹ̀ tó sì nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Tí ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kàn lọ fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn ni.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látilé, Àpáta Olúmọ. Ọ̀pọ̀ àwa tá à ń gbé Abẹ́òkúta, ìgbà tí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó wa lọ la ti débẹ̀ gbẹ̀yìn, a kàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ sọ́jà Ìtòkú ni. Ẹ padà lọ! Ọmọkùnrin tó mú wa gòkè ò kánjú rárá, gbogbo ibi tó bá ga ló máa ń dúró de Màámi, á ní "Ẹ rọra o Màmá, ẹ sinmi díẹ̀." Ó mú wa wọ abẹ́ àpáta níbi táwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé síbí ní nǹkan bí ọdún 1830. Ibẹ̀ ò ga, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ó wá fi àwọn ihò tó wà lára òkúta hàn wá, pé ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ jẹ. Màámi ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ pa á, wọ́n ní ó ń dán bí ọlọ ìyá àwọn. Èmi náà fọwọ́ kàn án. Mo rò ó pé ogun ń jà níta, ẹnì kan ṣì jókòó síbí ó ń lọ ata kí ọmọ lè jẹun. Kò sí bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọmọ ní ìyẹn nínú ìwé tó máa wọlé tó báyìí. Òkè tente jẹ́ mítà 137 sókè òkun, ẹ máa rí Odò Ògùn àti gbogbo páànù ìlú tó ti pupa, ẹ máa rí Aké lọ́hùn-ún. Ẹ lọ láàárọ̀ o, torí òkúta yẹn máa ń gbóná.

Látibẹ̀ ẹ ya Aké, ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's. Ìlú yìí kan náà ni Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti tẹ Ìwé Ìròyìn lọ́dún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ẹ̀, kí gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n.

Àdìrẹ wá ńkọ́? Ẹ má kàn rà kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú yín lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìyá kan jẹ́ ká jókòó ti àwọn nínú agboolé wọn, wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, ọwọ́ wọn ò gbọ̀n, wọn ò sì wo àwòrán kankan, orí ni gbogbo ẹ̀ wà. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. Nígbà tí wọ́n yọ èyí tó wà nínú ìkòkò aró, ó kọ́kọ́ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú wa, àbúrò mi pariwo! Ẹ wo ẹ̀yìn aṣọ kẹ́ ẹ tó sanwó, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń ṣì, èyí tí wọ́n rẹ sínú aró, aró á dé ẹ̀yìn. Tí owó ìyá bá ga díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ san án, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni.

Rélùwéè la wọ̀ lọ sí Èkó. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2021, ó dáa, ó mọ́, ẹ́ásì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn Màámi ò sì ro wọ́n bó ṣe máa ń rí tá a bá wọ bọ́ọ̀sì. Àmọ́ ibùdókọ̀ Wole Soyinka ní Láderin jìnnà sáàárín ìlú, ẹ fi owó mọ́tò débẹ̀ kún ìṣirò yín, kẹ́ ẹ sì tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tá a bọ́ọ́lẹ̀ l'Ébùúté Mẹ́ta la wá lọ sí mùsíọ́mù Oníkan. Mọ́tò tí wọ́n pa Murtala sínú ẹ̀ lọ́dún 1976 wà níbẹ̀, ihò ọta ìbọn ṣì wà lára ẹ̀. Màámi dúró síwájú ẹ̀ pẹ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí wọ́n wà nígbà tí rédíò kéde ẹ̀, a ò gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu wọn rí láti kékeré.

A dé Àgbádárìgì náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n parí lọ́dún 1845 ṣì wà lórí ìdúró. Ọ̀nà ibẹ̀ le, ẹ yáa sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Ibì kan wà tí mi ò ní dárúkọ, a sanwó ìwọlé, gáìdì ń wo fóònù, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri fún wa bíi pé a ò mọ̀wé, mo bi í ní ìbéèrè ó ní ká máa lọ, àwọn míì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tá a fẹ́ jáde ló wá ń sọ pé ká ṣe òun lóore. Ó dùn mí gan-an, torí ibi tó ní ìtàn gidi ni.

Òṣogbo nínú oṣù kẹjọ, ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun, èrò yẹn kọjá àfẹnusọ, Arugbá gbé igbá kọjá, a ò rí ju orí igbá lọ. Ó dáa kéèyàn rí i, àmọ́ ìgbà tá a padà lọ lọ́jọ́ lásán ni mo tó gbádùn Igbó Ọ̀ṣun. Gáìdì ibẹ̀ ṣàlàyé bí Susanne Wenger, òyìnbó Austria táwọn èèyàn ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ṣe kó àwọn oníṣẹ́ ọnà àti bíríkìlà ìlú jọ tí wọ́n mọ àwọn ère ńláńlá yẹn, tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n gé igbó náà tà. Lọ́dún 2005 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Ẹ ṣọ́ oúnjẹ yín o, ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde ni, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ibẹ̀ nìkan lẹ ò ti nílò gáìdì, torí ẹni tó bá jókòó tì yín á ṣàlàyé. Bàbá kan tá ò mọ̀ rí ló ń sọ fún wa pé regbérégbé (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra) báyìí ló ń bọ̀, ìdílé Balógun báyìí ló gun ẹṣin yẹn, ẹ wo bí wọ́n ṣe di ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ń jó bọ̀ nínú aṣọ kan náà, gèlè kan náà, ìbọn ń dún, Màámi dìde lórí àga wọ́n ń bá wọn jó! Lẹ́yìn ẹ̀ a jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ẹ tètè dé o, láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ mú fìlà tàbí agbòòrùn dání, kẹ́ ẹ sì mú owó lọ́wọ́ torí nẹ́tíwọ́kì ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ráńsífáà. Hòtẹ́ẹ̀lì máa ń kún, àwa padà sí Abẹ́òkúta lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, tí ẹ bá ní ẹbí n'Íjẹ̀bú ẹ ti máa pè wọ́n láti ìsinsìnyí.