FreeCAD, Fusion àbí Onshape: ọ̀fẹ́ wo ló bá yín lára mu?

Ká ní kiní tí ẹ fi ń yí fáànù ló kán, tí ẹ fẹ́ ya òmíràn sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè bá yín fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ wọn irin tó máa wọ inú rẹ̀: mìlímítà 6, ẹ̀gbẹ́ kan pẹlẹbẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tán, kò wọlé. Bó bá jẹ́ parametric CAD (ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà tó ń rántí nọ́ńbà tí ẹ fún un) lẹ fi yà á, ẹ ò ní tún un yà. Ibi tí ẹ kọ 6 sí lẹ máa padà sí, ẹ ó sọ ọ́ di 6.2, ihò náà á fẹ̀, gbogbo ohun tó rọ̀ mọ́ ọn á sì tẹ̀lé e.

FreeCAD, Fusion àti Onshape, àwọn mẹ́ta yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Àmọ́ ọ̀fẹ́ wọn ò dọ́gba rárá.

Fusion ti Autodesk ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń fi í ṣeré tàbí kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ 10 péré lẹ lè ṣí sílẹ̀ láti máa tún ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, owó tí ẹ bá sì rí níbẹ̀ lọ́dún kò gbọdọ̀ tó dọ́là 1,000. Ti Onshape, tí ilé iṣẹ́ PTC rà lọ́dún 2019, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tí ẹ bá fi ẹ̀dà ọ̀fẹ́ yà, gbangba ló wà. Ẹnikẹ́ni lè ṣí i, kó sì dà á kọ. Ẹ ò tún gbọdọ̀ fi ṣòwò. Bí oníbàárà bá gbé iṣẹ́ àṣírí wá, ẹ má dé ibẹ̀. FreeCAD ní tirẹ̀ kì í béèrè orúkọ yín. Ẹ yà á, ẹ tà á, kò kàn án.

Ní ti dátà, inú browser ni Onshape wà, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wọn ló ń ṣe iṣẹ́ agbára, nítorí náà laptop tó ti gbó náà á gbé e. Fóònù pàápàá á gbé e. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, iṣẹ́ dúró. FreeCAD sanra láti dáńlódù, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè pa dátà. Ẹni tó bá ń lo Linux kó gbàgbé Fusion.

Ibi tí FreeCAD ti ń dáni lágara ni ìkọ́ṣẹ́. Apá iṣẹ́ méjì wà nínú rẹ̀ tí orúkọ wọn jọra: ẹni tuntun á ṣí Part níbi tó yẹ kó ṣí Part Design, á wá máa bá ara rẹ̀ jà. Ó tún ní àìsàn àtijọ́ kan: ẹ ti yí etí kan po kó má bàa mú, ẹ padà lọ fẹ ihò, bíríkítí náà á fò lọ sí etí mìíràn, tàbí kí gbogbo rẹ̀ pọ́n, kó ní àṣìṣe wà. Ẹ̀dà 1.0 tó jáde ní November 2024 wo púpọ̀ sàn nínú rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ bá fún yín ní ẹ̀dà tó dàgbà jùyẹn, ẹ má gbà á. Fusion àti Onshape rọrùn láti kọ́ jù ú lọ, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀.

(OpenSCAD wà fún ẹni tó fẹ́ràn láti máa kọ kóòdù dípò kó fà á lọ́wọ́. SolveSpace kéré, ó yára, àmọ́ kò ní irinṣẹ́ tí ẹ lè fi yí etí po.)

Ẹni tó fẹ́ fi ya ohun tó máa tà, FreeCAD ni mo máa ní kó farada. Bó bá jẹ́ ti fáànù nìkan, ẹ lo Onshape. Ta ló fẹ́ jí i?