Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra NCR fún maṣíìnì DI ní Ìlọrin

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ rìsíìtì àti ìnfọ́ìsì, láti Táíwò dé Tanke, títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ẹ dákun, ẹ lajú yín sílẹ̀. NCR ni bébà tó ń gbé ìkọ̀wé sí ewé abẹ́ láìlo kábọ́nù; DI sì ni maṣíìnì ìtẹ̀wé digital tó ń lo tónà, íǹkì oníyẹ̀fun. NCR kan wà nígboro tí wọ́n kọ “Digital” tàbí “Laser” gàdàgbà sára ìdì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bébà KORD àti GTO, àwọn maṣíìnì ọfúsẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n tún dì. Bébà náà kò ní àbùkù lórí KORD. Orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ni ayédèrú, maṣíìnì yín ló sì máa jìyà ẹ̀.

Ẹ̀yìn ewé àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní CB, kún fún àpò tín-tìn-tín tó rí bí ẹyin, tí ojú lásán kò lè rí. Òróró àti àwọ̀ tí kò tíì hàn ló wà nínú wọn. Iwájú ewé tó gbẹ̀yìn, CF, ni wọ́n kun ní kẹ́míkà tó ń mú àwọ̀ náà hàn. Ewé àárín, CFB, ní méjèèjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí bírò bá tẹ̀ ẹ́, ẹyin á fọ́, àwọ̀ á kan kẹ́míkà, ìkọ̀wé á yọ. Àmọ́ kì í ṣe bírò nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́. Rólà tó ń fa bébà wọlé ń tẹ̀ ẹ́, fúsà tó ń fi ooru lẹ tónà mọ́ bébà náà ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ooru tó lè tó 180 sí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí nìyẹn tí NCR tí wọ́n dìídì ṣe fún digital fi nípọn, nǹkan bí 80 giráàmù ní mítà onígun mẹ́rin kan. Ti KORD kì í sábà ju 50 sí 57 lọ.

Bí ẹ bá ki ti KORD sínú DI, yẹ́lò, ìyẹn ewé àárín, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ máa rí ilà búlúù méjì tó rí ràkọ̀ràkọ̀, tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò, tí wọ́n gba ojú ewé lọ gbọọrọ níbi tí rólà ti tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni bébà á bẹ̀rẹ̀ sí í há, tàbí kí méjì mẹ́ta wọlé pọ̀, torí ìyẹ̀fun tó ń gbọ̀n sílẹ̀ lára rẹ̀ ti mú rólà yọ̀. Tónà náà kò ní dì mọ́ ọn dáadáa; ẹ fi ìka ra á, ó ṣí. Ẹnjiníà á ní rólà ti lọ. Ẹ ó pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ó tún ki bébà kan náà sí i.

Òṣùwọ̀n kílò ló máa ń tètè tú wọn fó. A4 mẹ́rìndínlógún ló wà nínú mítà onígun mẹ́rin kan, torí náà ríìmù 500 ewé tó jẹ́ 80 giráàmù gbọ́dọ̀ wọn nǹkan bí kílò 2.5. Ti 55 giráàmù kò lè ju nǹkan bí 1.7 lọ. Bí ọlọ́jà kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ yá ti aláta. Òṣùwọ̀n yìí náà ló máa sọ fún yín bí wọ́n bá ti yọ ewé nínú ríìmù, ìyẹn náà sì ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ yíyọ ewé yìí ju owó lọ o. Ríìmù tírípílíkéètì, oníewé mẹ́ta-mẹ́ta, tó pé máa ń jẹ́ 501 ewé, sẹ́ẹ̀tì 167: funfun (CB), yẹ́lò (CFB), pínkì (CF), bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tún un dì ń fi ọwọ́ tò ó, ọwọ́ sì ń ṣì. Ká ní yẹ́lò kan ló fò ní sẹ́ẹ̀tì kẹrìndínláàádọ́ta. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀, ó ń fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ewé mẹ́ta. Funfun gba 0046, pínkì gba 0046, funfun tó tẹ̀lé e tún gba 0046, yẹ́lò wá bẹ̀rẹ̀ 0047. Láti ibẹ̀ lọ títí dé ìsàlẹ̀ ríìmù, kò sí sẹ́ẹ̀tì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ bára mu mọ́, ẹ lè má sì rí i títí oníbàárà fi máa ya rìsíìtì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ etí ríìmù dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó ṣí bí abẹ̀bẹ̀, kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ibi tí àwọ̀ bá ti fò, ojú á rí i.

Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá funfun ló ṣáájú àbí pínkì. Maṣíìnì tó ń da ojú ìwé dé bó ṣe ń pọ̀ ọ́ síta ń fẹ́ kí funfun ṣáájú. Èyí tó ń kọ ojú rẹ̀ sókè ń fẹ́ kí pínkì ṣáájú. Ọlọ́jà tí kò mọ ohun tí ẹ ń bèèrè kò mọ ohun tó ń tà.

Àmì gúlótìnì, ẹ̀rọ tó ń gé bébà, wà tí wọn kì í lè fi pamọ́. Irin tó ń di bébà mú kí ọ̀bẹ tó bọ́ sílẹ̀ lágbára, ó ń fọ́ ẹyin. Lórí funfun kò ní hàn, torí kò sí kẹ́míkà níwájú rẹ̀. Yẹ́lò ló máa ń sọ òótọ́: níbi tí wọ́n ti kó o jọ gé, ẹ̀yìn ọ̀kan wà lórí iwájú èkejì. Ẹ gbé e síta nínú oòrùn, ẹ wo ẹ̀bá rẹ̀ fún ilà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tó gún régé.

Àwọn kan tilẹ̀ ń fi bébà aláwọ̀ lásán dípò pínkì. Ẹ kó funfun lé yẹ́lò, ẹ fi èékánná ha á. Lẹ́yìn náà yẹ́lò lé pínkì. Bí ti àkọ́kọ́ bá yọ tí èkejì kò yọ, wọ́n ti fi lásán kún un. Bí méjèèjì bá yọ ṣùgbọ́n tí kò hàn ketekete, ó ti pẹ́ nílé ìtajà, pàápàá tó bá jẹ́ pé abẹ́ páànù gbígbóná ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú tíréè lónìí. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi rin díẹ̀ nu rólà. Ẹ má lo pẹtiróòlù tí ẹ fi ń fọ KORD, ó ń mú rọ́bà wú. Ẹ kó ogún tàbí ọgbọ̀n ewé A4 lásán gba inú rẹ̀ kọjá kó lè kó ìyẹ̀fun tó kù. Fúsà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹnjiníà. Èyí tó kù nínú ríìmù, tí àwọ̀ rẹ̀ bá pé, onítẹ̀wé KORD lè gbà á lọ́wọ́ yín.